Ẹ Bi Ìyá Ọ́fíìsì: «Mo fi owó kún owó wọn, iṣẹ́ wá dín kù»

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀ ju àyè tí olóòtú fún mi lọ. Mo ti ṣa àwọn tó fara jọra sọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dùn wọ́n: bí owó àti ẹ̀bùn ṣe ń mú ẹnì kan sáré níbi iṣẹ́, tí ẹlòmíràn á sì torí ẹ̀ lejú koko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé nípa owó ìfẹ̀yìntì, ẹ ṣe sùúrù di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo ní ilé iṣẹ́ àga ní Kugbo, ní Àbújá níbí, lẹ́bàá títì tó lọ sí Nyanya. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn Iléyá tí iṣẹ́ wọlé dáadáa, mo kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá parí sẹ́ẹ̀tì àga kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ₦5,000 wà nílẹ̀ fún un lórí owó rẹ̀. Àwọn mẹ́rin fò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ègbìrà tó ń bá mi gbẹ́ ẹsẹ̀ àga, ẹni tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ làwọn oníbàárà ń dá tí wọ́n bá dé, láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti le. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í kọrin mọ́. Nígbà tí owó kan tiẹ̀ tọ́ sí i, ó ní kí n fi ra omi tútù fún àwọn ọmọ. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn, kò gbìyànjú rárá. Ó ní, «Ọ̀gá, ìyẹn ò sí fún irú mi.» Ṣé ìgbéraga ló ń ṣe ọ̀kan ni, kí ìmẹ́lẹ́ máa ṣe èkejì? Ìyàwó mi ní kí n lé àwọn méjèèjì.
*Oníàga, Kugbo*

Bàbá Oníàga, ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ ní mo ní kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú.

Owó máa ń sọ̀rọ̀ tó bá dé ọwọ́ èèyàn, bí kálukú bá sì ṣe ń wo ara rẹ̀ ló ṣe máa gbọ́ ọ. Ẹ̀yin rò pé ohun tí ₦5,000 yẹn sọ ni, «Ẹ ṣeun, ẹ tún mú ara le.» Agbẹ́gi yín kò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń fi àtàǹpàkò wọ́ ojú igi bóyá ó ti dán, ẹ kò fi kọ́bọ̀ lé dídán. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá fi owó lé nǹkan, kíákíá lẹ fi lé. Lójú tiẹ̀, ẹ ti dúró láàárín ilé iṣẹ́, ẹ ti sọ fún tọmọdé tàgbà pé ohun tó fi ń yangàn kò jọ yín lójú, àti pé ẹni tó bá kàn án wúruwùru tó sì yá ni ọkùnrin. Ẹ sì tún fẹ́ kó dúpẹ́! Kì í ṣe ìgbéraga ló ní kẹ́ ẹ fi ra omi. Ó ń dá ìwọ̀sí padà lọ́nà tí kò ní tàbùkù yín ni. Ọmọlúàbí lẹ rí yẹn.

Ti ọmọ Ìsẹ́yìn tún yàtọ̀. Òun wo àwọn mẹ́rin tó ń sáré, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ti dá ẹjọ́ kó tó mú ayùn. Bó bá gbìyànjú tí kò bá wọn dé ibẹ̀, gbogbo yín ti mọ̀ pé kò mọṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá gbìyànjú, ta ló máa mọ̀? Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kẹ́ ẹ pè é ní ọ̀lẹ ju kẹ́ ẹ pè é ní ẹni tí kò lè ṣe é lọ. Ọ̀lẹ ṣì lè máa tan ara rẹ̀ pé ìgbà tó bá wu òun lòun máa ṣe é. Ẹni tó ṣe é tì níṣojú gbogbo ayé kò ní irọ́ kankan tó máa pa fún ara rẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Garki, irú wọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ṣòro kí ọ̀gá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn àti ọ̀lẹ paraku. Àmì kan wà tí mo máa ń wò. Ọ̀lẹ máa ń ṣàwàdà nípa iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń yí ojú kúrò.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì kan, Roland Bénabou àti Jean Tirole, kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 2003. Tirole ni wọ́n wá fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2014, lórí iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wọ́n rò jinlẹ̀ ni pé ọ̀gá sábà máa ń mọ ohun tí òṣìṣẹ́ kò mọ̀: bí iṣẹ́ náà ṣe le tó, tàbí bóyá òun gbà pé ọmọ náà lè ṣe é. Nítorí náà, tí ẹ̀bùn bá ti yọjú, òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kí ni ọ̀gá rí? Ṣé iṣẹ́ yìí burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé kò gbà pé mo lè ṣe é láìjẹ́ pé ó fi owó fà mí ni? Ẹ̀bùn náà lè mú wọn sáré lónìí, kó sì ba ọkàn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ lọ́la. Kí àwọn yẹn tó kọ tiwọn, Edward Deci, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ti fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dán an wò, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971. Ó kó eré àdììtú fún wọn pé kí wọ́n máa tò ó, ó sì ń san owó fún apá kan lórí èyí tí wọ́n bá tò yanjú. Nígbà tó dáwọ́ owó dúró, àwọn tó ti gba owó kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ nígbà tí wọ́n bá dá wà. Ìfẹ́ àwọn tí kò gba nǹkan kan rí kò rẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ kan náà, ó tún rí i pé ọ̀rọ̀ ìyìn kò ṣe wọ́n ní irú ìpalára yẹn.

Ká ní èmi ni yín, màá pe agbẹ́gi náà lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá rọlẹ̀, kì í ṣe níṣojú àwọn ọmọ o, màá ní kó sọ iye ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀tì tó dáa gbọ́dọ̀ gbà. Iye tó bá dá ni màá sọ fún oníbàárà. Màá fún un láṣẹ pé àga tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló kàn án. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn, ẹ gbé e wọnú owó oṣù rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un bó ṣe rí: «Alhaji ará Maitama tó o gbẹ́ ẹsẹ̀ àga fún ti rán ẹlòmíràn wá.» Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi «ìwọ ni Ọlọ́run iṣẹ́ yìí» kún un, kò ní gbà yín gbọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú eré ìje. Ẹ fún un ní ọwọ́ àga: kó fá a, kó fi sáńpépà dán an, kó kùn ún ní pọ́líìṣì, kó jẹ́ tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ má sì gba sáńpépà lọ́wọ́ ẹ̀! Mo mọ ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ dáadáa. Ọmọ ò tíì yí ọwọ́ padà, ẹ ti já a gbà, ẹ ní, «Gbé e wá, wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.» Ẹ ṣe é tán ní ìṣẹ́jú kan, ẹ rò pé ẹ ti kọ́ ọ níṣẹ́. Ohun tó kọ́ ni pé òun kò lè ṣe é. Ẹ ki ọwọ́ yín bọ àpò títí á fi parí. Bẹ́ ẹ bá máa fún un lówó rárá, iṣẹ́ tiẹ̀ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n, ẹ má fi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀.

Àwọn mẹ́rin tó ń sáré yẹn náà, ẹ dojú àga wọn délẹ̀, kẹ́ ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ mì í. Bí oríkèé bá ń dún, ₦5,000 yín ló ń dún yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mi ò ní fi bò. Ẹ má lọ fi ohun tí mo kọ yìí dí wọn lẹ́nu pé iyì ló ṣe pàtàkì, owó kọ́. Láti 1959 ni Frederick Herzberg, òun náà onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá, ti ń sọ ọ́ pé owó oṣù tí kò tó máa ń ba inú òṣìṣẹ́ jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpọ̀jù rẹ̀ nìkan kì í mú wọn fẹ́ràn iṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba bu ọwọ́ lù ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, torí náà kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n oníkorope tó ń gbé àwọn ọmọ yín láti Mararaba kì í béèrè bóyá mẹ́fà ni wọ́n lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn.

Màmá, ẹ kú àtìjọ́. Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10 ni mí. Ọdún mẹ́ta tí òfin sọ ti pé, ó tilẹ̀ ti kọjá, mi ò sì jókòó fún ìdánwò ìgbéga. Àwọn tá a jọ wọlé ti wà lórí 12. Fáìlì ni mo ń gbé láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Tí ọ̀gá wa bá fẹ́ kọ mẹ́mò, àbúrò wa kan tó wọlé lẹ́yìn mi ni wọ́n máa ń pè. Ọkọ mi ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Wuse, mo sanwó, wọ́n ní kí n máa dúró síwájú díńgí láràárọ̀ kí n máa ní «Mo tó bẹ́ẹ̀, mo jù bẹ́ẹ̀ lọ.» Mo ṣe é. Àwọn ọmọ mi ló fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ báyìí.
*Ìyá Ìbejì, Karu*

(Fún ẹ̀yin tẹ́ ò sí ní iṣẹ́ ìjọba: kò sí Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 11 níbẹ̀. Ẹni tó bá kúrò ní 10, orí 12 ló ń bọ́ sí, ìdí nìyẹn tó fi ń dun àbúrò mi yìí tó bẹ́ẹ̀.)

Àbúrò mi, díńgí kò ṣe nǹkan kan, ẹ kúrò níwájú ẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1986, John Vasconcellos tó jẹ́ aṣòfin níbẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Èrò wọn ni pé bí àwọn èèyàn bá lè máa fi ojú tó dáa wo ara wọn, púpọ̀ nínú ìṣòro ìlú á yanjú. Ìròyìn wọn jáde ní 1990, ariwo náà sì gba ayé kan. Ní 2003, Roy Baumeister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n tú u wò. Kíki ara ẹni nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ èèyàn di ọ̀jáfáfá lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nínú ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àṣeyọrí ló ṣáájú, kí orí tó wú.

Ẹ wá gbọ́ apá tó kù. Ẹ kò kàn jókòó lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ ní ẹ kò já mọ́ nǹkan. Wọ́n sọ ọ́ fún yín ni, láìla ẹnu. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá bá wo orí tábìlì yín kọjá lọ pe àbúrò yẹn, ó wọlé sí yín lára. Jon Pierce àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n kan ní 1989 fún irú iyì tó jẹ́ ti ibi iṣẹ́ nìkan. Gbólóhùn mẹ́wàá ni, bíi: mo jẹ́ ẹni tí wọ́n kà sí níbí, wọ́n gbára lé mi. Ẹ wò ó pé èèyàn lè jẹ́ akọni nínú ilé, kó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àsàlátù, kó sì dà bí àga tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn tó bá dé ọ́fíìsì. Joel Brockner náà kọ ọ́ ní 1988 pé ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú ni ohun tí wọ́n bá ń ṣe sí i níbi iṣẹ́ máa ń ràn jù. Ìròyìn burúkú nìyẹn tí ọ̀gá bá burú. Bí ẹnì kan bá sì fi ọwọ́ gidi mú yín, kíá lẹ máa yí padà ju àwọn tí orí wọn ti wú tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibo wá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀? Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwà ẹ̀dá, ní 1977, to ohun mẹ́rin tó ń mú èèyàn gbà pé òun lè ṣe nǹkan. Èyí tó lágbára jù níbẹ̀ ni kí èèyàn ti ṣe é rí. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kó rí ẹni tó jọ òun tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìyànjú wà lẹ́yìn wọn, àti bí ara ṣe ń ṣe èèyàn, àyà tó ń já àti ọwọ́ tó ń làágùn. Díńgí yín, ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán ni, ẹnu yín náà ló sì ti jáde.

Nítorí náà, ẹ lọ bá àbúrò tí ọ̀gá ń pè yẹn. Mo mọ̀ pé ó le, ẹ̀gbọ́n ni yín, ẹ ṣáà lọ. Ẹ má ní kó kọ́ yín. Ẹ ní, «Mẹ́mò tó kàn, jẹ́ kí n kọ àkọ́kọ́, kí ìwọ wá tún un ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.» Inú ẹ̀ máa dùn, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Tó bá tún un ṣe tán, ẹ gba èyí tó fi bírò pupa ha padà, ẹ fi pamọ́ sínú fáìlì tiyín. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan pupa yẹn á dín kù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kà á.

Ní ti ìdánwò, ẹ wá obìnrin kan tó ti Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10 bọ́ sí 12, tó ní ọmọ nílé bíi tiyín. Kì í ṣe ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi òru kàwé ní Gwarinpa. Ẹ bi í bó ṣe rí àyè. Ohun tí wọ́n ń bi yín kì í ṣe awo: Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba, Òfin Ìnáwó, ohun tó ń lọ nílùú, àti iṣẹ́ ẹ̀ka yín. Aago mẹ́rin lẹ ń ṣíwọ́. Ṣé ẹ wá fẹ́ lọ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti AYA dé Nyanya ni, pẹ̀lú gbogbo ayé? Ẹ jókòó sí ọ́fíìsì di aago márùn-ún ààbọ̀, ẹ̀yin àti ẹnì kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ̀ ṣáájú, kó lè gba àwọn ìbejì ní ilé ìwé. Òun ló kúkú ní ẹ̀rù ń bà yín. Kó wá bá yín dá sí i.

Màmá, ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Kaduna ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oṣooṣù ni ọ̀gá ń lẹ fọ́tò «Òṣìṣẹ́ Tó Pegedé» mọ́ ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà á. Àwa tó kù ti ń pè é ní Gómìnà. Òun gan-an ti ní kí wọ́n yọ fọ́tò òun.
*Ọmọ Ọ̀fà, Kaduna*

Ẹ jọ lọ bá ọ̀gá, ẹ̀yin àti Gómìnà. Bí ẹ̀yin nìkan bá lọ, ìlara ni wọ́n máa pè é. Òun ni kó sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan, kó dá iye ọjà kan tí ẹnikẹ́ni tó bá tà á máa gba owó lé e lórí, kí gbogbo yín lè gbà á lóṣù kan náà tẹ́ ẹ bá tà á. Ògiri yẹn, kó lẹ iye owó fóònù mọ́ ọn, àwọn oníbàárà á rí i kà.

Ẹ káàárọ̀ o, Màmá wa. Aránṣọ ni mí ní Jos. Ọmọṣẹ́ mi kan mú iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́, mo sì máa ń yìn ín pé orí ẹ̀ pé ju tàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, pé a bí i mọ́ iṣẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti gé léèsì oníbàárà kan kù, kò mú sísọ́ọ̀sì mọ́. Ó ní kí ẹlòmíràn máa gé e. Mi ò bá a wí o. Mo tún yìn ín sí i ni. Kí ló fà á?
*Ìyá Aránṣọ, Jos*

Ìyìn yẹn náà ni, Ìyá Aránṣọ. Claudia Mueller àti Carol Dweck ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 1998 lórí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe iṣẹ́ kan dáadáa, àwọn olùwádìí sọ fún apá kan pé orí wọn pé, wọ́n sọ fún apá kejì pé wọ́n mú ara ṣiṣẹ́. Wọ́n wá fún gbogbo wọn ní èyí tó le, wọ́n fìdí rẹmi. Lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ní orí wọn pé kò ṣe dáadáa mọ́, nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún wọn sì purọ́ nípa iye máàkì tí wọ́n gbà. Àwọn tí wọ́n yìn nítorí akitiyan wọn ṣì ń bá a lọ. Ẹ rò ó lọ́nà tiyín: bó bá jẹ́ pé a bí i mọ́ ọn ni, tó wá gé léèsì kù, kí ló ṣẹ́ kù fún un? Ẹ ti sọ fún un pé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́. Ẹ tún wá ń yìn ín lórí àṣìṣe náà, ó sì ní ojú, ó rí léèsì náà. Ó ti mọ̀ pé àánú rẹ̀ lẹ ń ṣe.

Ẹ gbé léèsì tó bàjẹ́ yẹn jáde, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ bi í ibi tó ti fi téèpù lé e, kó fi hàn yín. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé kò yọ àyè ìránṣọ sílẹ̀ ni, gbogbo wọn ló ń gbàgbé ẹ̀. Tó bá ti rí ibi tó ti ṣì í, ẹ má fi ìyìn kankan lé e. Ẹ fún un ní áńkárá tiyín tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sí òde tó ń bọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ jáde lọ ra bọ́tìnnì. Ẹ má tètè dé.